Wọ́n Ní Samsung Fẹ́ Ra AMD: Àlàyé Lórí Àhesọ Ríra Iléeṣẹ́ Ṣíìpù

Láìpẹ́ yìí ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mú fóònù rẹ̀ wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé iléeṣẹ́ ńlá kan lókè òkun, tó ń ṣe fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, fẹ́ ra iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà. Pé iléeṣẹ́ ṣíìpù náà wà nínú ìṣòro, owó ìpín ìdókòwò rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gidigidi. Àti pé ẹni tó bá tètè ra ìpín náà kí ìkéde tó jáde yóò rí èrè ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

A kò lè sọ fún bàbá bí ọ̀la iléeṣẹ́ kankan yóò ti rí. Ẹni tó bá ní òun lè sọ ọ́, bí kò bá máa tan ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń tàn. Ohun tí ó wà ní agbára wa ni láti ṣàlàyé bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí tí owó ìpín fi máa ń fò sókè nígbà tí ó bá jáde, àti ìdí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í fi í di òótọ́. Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ tí a lè yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó yọrí sí. Òun ni àhesọ ọdún 2015 pé Samsung, iléeṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gúúsù Kòríà, fẹ́ ra AMD ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ orúkọ AMD, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i rí. Bí ẹ bá lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, láti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tókùnbọ̀, ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ máa ń sinmi lé nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Nínú púpọ̀ nínú wọn, bí kò bá jẹ́ Intel ni wọ́n kọ síbẹ̀, AMD ni. Ohun tí bébà yẹn ń sọ ni orúkọ ẹni tó ṣe ṣíìpù tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ṣíìpù ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ègé kékeré tí wọ́n fi èròjà sílíkọ́nì ṣe, tó ń ṣe gbogbo ìṣirò tí ẹ̀rọ nílò, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ni ẹ ń tẹ̀ tàbí fíìmù ni ẹ ń wò.

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ni wọ́n dá AMD sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kàlìfọ́níà. Jerry Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n kúrò ní iléeṣẹ́ Fairchild ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, àwọn mìíràn tí wọ́n kúrò ní Fairchild yẹn kan náà ti dá Intel sílẹ̀. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde, ṣùgbọ́n orogún ni wọ́n. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jáde ní ọdún 1981, ṣíìpù Intel ló wà nínú rẹ̀. IBM kò fẹ́ gbára lé ẹnì kan ṣoṣo fún ohun tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni Intel fi bá AMD ṣe àdéhùn ní ọdún 1982 pé kí òun náà máa ṣe irú ṣíìpù kan náà. Láti ìgbà náà ni AMD ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Intel, pẹ̀lú ẹjọ́ kóòtù lóríṣiríṣi láàárín wọn.

Ìṣòro ńlá AMD bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, nígbà tó ra ATI, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Kánádà tó ń ṣe ṣíìpù tí ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ. Ó ná nǹkan bí bílíọ̀nù 5.4 dọ́là, ó sì yá púpọ̀ nínú owó náà. Ọjà kò gbè é lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2007, àdánù rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù 3 dọ́là. Ní ọdún 2008, ó tún kọjá iye yẹn. Ní ọdún 2009, ó yọ àwọn fákítọ̀rì tó fi ń ṣe ṣíìpù kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì di iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ GlobalFoundries, tí owó ìjọba Abu Dhabi wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, AMD a máa ya àwòrán ṣíìpù, ẹlòmíràn a sì máa bá a ṣe é, bí ẹni tó ń ránṣọ tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ nílé. Ọdún 2014 tún mú àdánù mílíọ̀nù 403 dọ́là wá. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi Lisa Su, onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bí ní Taiwan, ṣe ọ̀gá àgbà. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn yóò dín òṣìṣẹ́ kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2015 dé. Ìpín ìdókòwò AMD kan kò tó 3 dọ́là. Gbogbo iléeṣẹ́ náà pátá, bí a bá ro ìpín rẹ̀ pọ̀, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ìgbà náà ni ìròyìn jáde láti Gúúsù Kòríà pé Samsung ń gbèrò láti rà á. Láàárín wákàtí mélòó kan, owó ìpín AMD ti gbéra sókè ní ọjà New York.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ìdí nìyẹn. Samsung kì í ṣe ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fóònù nìkan. Òun ló ń ṣe ṣíìpù ìrántí jù lọ lágbàáyé nígbà náà, ó sì ní àwọn fákítọ̀rì tirẹ̀. Ní ọdún 2015 yẹn gan-an, ó gbé fóònù Galaxy S6 jáde pẹ̀lú ṣíìpù Exynos tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, dípò ti Qualcomm tí ọ̀pọ̀ ń retí. Ẹni tó bá ń fẹ́ dá dúró lórí ọ̀rọ̀ ṣíìpù yóò nílò ìmọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, AMD sì ní ìmọ̀ náà láti ìgbà tó ti ra ATI. Ṣíìpù AMD ló wà nínú PlayStation 4 àti Xbox One, ẹ̀rọ eré méjì tí àwọn ọmọ wa mọ̀ dáadáa, láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ní ọdún 2013. Ní àfikún, láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Samsung ti fún GlobalFoundries, tó ń bá AMD ṣe ṣíìpù, ní ìyọ̀ǹda láti lo ìlànà iṣẹ́ tuntun tirẹ̀. Kí ni bílíọ̀nù 2 dọ́là sì jẹ́ lójú Samsung? Owó tó wà nílẹ̀ fún un ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Àhesọ tó dára kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fi yí irọ́ kan ká. Ẹni tó bá yẹ òótọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò, tó sì rí i pé wọ́n tọ̀nà, yóò gba ìkọkànlá láìwádìí.

A gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí owó ìpín fi ń fò, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń fa àwọn ènìyàn wa mọ́ra. Ìpín ìdókòwò jẹ́ ègé kékeré nínú iléeṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo iléeṣẹ́ pátá gbọ́dọ̀ yí àwọn tó ní ègé wọ̀nyí lọ́kàn padà kí wọ́n lè tà, ọ̀nà tí ó sì máa ń gbà ṣe é ni kí ó san ju iye tó wà lọ́jà lọ. Gbogbo ènìyàn mọ èyí. Nítorí náà, bí àhesọ bá ti jáde pé olówó kan ń bọ̀, àwọn kan a sáré ra ìpín kí wọ́n lè tà á fún olówó náà ní owó gọbọi. Sísáré tí wọ́n sáré yẹn ló gbé owó ìpín sókè, kì í ṣe olówó náà. Bí olówó kò bá wá, àwọn tó rà gbẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù.

Bí olówó tilẹ̀ wá ní gbangba, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò tíì parí. Samsung yìí kan náà ló jẹ́ ẹlẹ́rìí wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ó kọ̀wé sí SanDisk, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe àwọn káàdì ìrántí tí a ń kì bọ fóònù àti kámẹ́rà, pé òun yóò ra ìpín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 26 dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 5.85 dọ́là. Iye yìí ju ti ọjà lọ púpọ̀. Kì í ṣe àhesọ. Samsung fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà síta fún gbogbo ayé rí. Ìgbìmọ̀ olùdarí SanDisk ní owó náà kéré, wọ́n kọ̀ ọ́. Kò pé oṣù méjì tí Samsung fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, nítorí pé ọrọ̀ ajé àgbáyé ti ń dojú dé, SanDisk sì ti kéde àdánù. Kí ọdún yẹn tó parí, ìpín SanDisk ti wálẹ̀ ju 10 dọ́là lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti sáré yá owó ra ìpín náà nígbà tí lẹ́tà Samsung jáde, tí ẹni tó yá a lówó sì ń kan ilẹ̀kùn. Ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ mìíràn, Western Digital, tó wá ra SanDisk ní nǹkan bí bílíọ̀nù 16 dọ́là. Àwọn tó lè dúró fún ọdún mẹ́jọ jẹ èrè. Ìwọ̀nba ènìyàn ni owó ìfẹ̀yìntì wọn lè dúró fún ọdún mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí AMD. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ríra rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ tó ń sáré ra ìpín kò mọ̀, ìwé àdéhùn ni. Irú ṣíìpù tí AMD ń tà jù lọ ń tẹ̀ lé èdè iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní x86. Intel ló dá èdè náà sílẹ̀ pẹ̀lú ṣíìpù 8086 tó gbé jáde ní ọdún 1978, orí rẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ Windows lé. Ẹnikẹ́ni kò lè kàn jí ní òwúrọ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíìpù tó ń gbọ́ èdè náà. Àdéhùn tó wà láàárín AMD àti Intel ló fún AMD láyè.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìṣákọ́lẹ̀ yóò tètè lóye rẹ̀. Àgbẹ̀ kan gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì gbin kòkó sí i. Kòkó jẹ́ ti àgbẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ ta oko náà fún àjèjì, kò lè ṣe é láìkọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé òun ni onílẹ̀ bá dá májẹ̀mú, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ní owó. Bẹ́ẹ̀ ni ti AMD àti Intel rí, àfi pé tiwọn tún lọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: onílẹ̀ náà ń jẹ nínú kòkó àgbẹ̀. AMD ló mú èdè x86 gbòòrò sí ìpele bíìtì 64 ní ọdún 2003, Intel sì gba ìlànà náà lò. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2009, àwọn méjèèjì parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Intel san bílíọ̀nù 1.25 dọ́là fún AMD, wọ́n sì tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun pé kí olúkúlùkù máa lo ìmọ̀ ẹnìkejì. Nínú àdéhùn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí àkóso ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyọ̀ǹda náà dópin fún àwọn méjèèjì.

Ẹ rí i pé bí Samsung bá san bílíọ̀nù dọ́là láti ra AMD, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀tọ́ tí AMD ní láti ṣe ọjà tó ń tà jù lè ti wọmi. Samsung yóò ní láti lọ jókòó pẹ̀lú Intel. Àwọn kan sọ pé Intel kò ní lè fọwọ́ lé e lọ títí, nítorí pé òun náà yóò pàdánù ẹ̀tọ́ sí bíìtì 64. A gbà pé òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n olówó tó gbọ́n kì í san owó tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, àti pé kò sí ẹni tó mọ iye oṣù tí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ yóò gbà. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kò mọ̀ nípa èyí.

Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè náà kò ní ká ọwọ́ gbera. Ẹni tó bá fẹ́ ra iléeṣẹ́ ṣíìpù ńlá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Ṣáínà, àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí àwọn méjèèjì ti ń tajà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè dí ọ̀nà. Qualcomm ṣe àdéhùn láti ra NXP ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní ọdún 2016. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2018 tí Ṣáínà kò fún wọn ní àṣẹ, ọ̀rọ̀ náà túká, Qualcomm sì san bílíọ̀nù 2 dọ́là fún NXP gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Nvidia fẹ́ ra Arm ní bílíọ̀nù 40 dọ́là ní ọdún 2020. Ó jáwọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2022, lẹ́yìn tí àjọ tó ń rí sí ìdíje ní Amẹ́ríkà ti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ààrẹ Donald Trump fúnra rẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ dá Broadcom dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2018 nígbà tó fẹ́ ra Qualcomm. Nílé wa níbí náà, òfin ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lé àjọ FCCPC lọ́wọ́. Nínú gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, ìwé àdéhùn tàbí ìwé ìdúnàádúrà wà níta, agbẹjọ́rò wà nílẹ̀, síbẹ̀ kò yọrí. Kí ni kí a wá sọ nípa èyí tí kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ?

Samsung kò ra AMD. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2015, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn àhesọ náà, ìpín AMD kan ti wálẹ̀ ju 2 dọ́là lọ. Àdánù ọdún náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 660 dọ́là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Fún ọdún mélòó kan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ AMD ti ń ya ṣíìpù tuntun kan ní ìdákẹ́jẹ́, tí wọ́n pe ìlànà rẹ̀ ní Zen. Ó jáde sí ọjà ní oṣù Kẹta ọdún 2017 pẹ̀lú orúkọ Ryzen, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí Intel fi ní láti múra gírí. Ní ọdún 2021, ìpín AMD kan ti kọjá 100 dọ́là. Nínú oṣù Kejì ọdún 2022, àpapọ̀ iye rẹ̀ lọ́jà kọjá ti Intel fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú oṣù kan náà ni ó parí ríra iléeṣẹ́ ṣíìpù mìíràn, Xilinx, pẹ̀lú ìpín tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 49 dọ́là. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ rà ló wá ń ra ẹlòmíràn.

Samsung ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ó bá AMD ṣe àdéhùn pé òun yóò máa san owó láti lo ìmọ̀ rẹ̀ lórí àwòrán ojú ẹ̀rọ nínú fóònù. Ní oṣù Kíní ọdún 2022, ó gbé ṣíìpù Exynos 2200 jáde pẹ̀lú ìmọ̀ náà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ní yóò tìtorí rẹ̀ ra odindi iléeṣẹ́ ni ó rí gbà láìru gbèsè ẹnikẹ́ni.

Níbi tí ìtàn yìí dé, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ẹni tó ra ìpín AMD ní ọdún 2015 nítorí àhesọ náà ti di olówó báyìí. Òótọ́ ni, bí ó bá lè fi ọwọ́ mú un títí di ọdún 2021. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ AMD ló gbé ìpín náà sókè. Àhesọ kò lọ́wọ́ sí i. Kì í sì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ṣíìpù tó wà nínú ìṣòro ló ń gbérí. Elpida, tó jẹ́ iléeṣẹ́ ṣíìpù ìrántí ńlá ní Jàpáánù, lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2012 pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Iléeṣẹ́ ńlá kan rà á lóòótọ́: Micron ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ní ọdún 2013. Àwọn tó ní ìpín Elpida kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá wó, àwọn tó jẹ lówó ni ilé ẹjọ́ ń kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ní ìpín ló wà lẹ́yìn pátápátá. Nítorí náà, kí wọ́n ra iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín nínú rẹ̀ jèrè ọ̀tọ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìròyìn jáde pé Qualcomm ti lọ bá Intel bóyá ó lè rà á. Intel tó jẹ́ onílẹ̀ nínú àpèjúwe wa lẹ́ẹ̀kan ló wá di ẹni tó wà nínú ìṣòro: àdánù rẹ̀ ní ọdún náà lé ní bílíọ̀nù 18 dọ́là, ó sì kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ tó lé ní 15,000 kù. Owó ìpín rẹ̀ gbéra sókè lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde. Qualcomm kò rà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún Intel.

Nísinsìnyí, kí ni kí ẹ ṣe bí irú ọ̀rọ̀ tó bá bàbá yẹn bá bá ẹ̀yin náà lórí fóònù? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè kan: báwo ni ẹni yìí ṣe mọ̀? Ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà níbí, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ẹni tó mọ àṣírí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti inú iléeṣẹ́ máa fi ra ìpín tàbí kí ó máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kí wọ́n fi rà á. Bí ohun tí ó ń sọ bá jẹ́ òótọ́, ó ń pè yín wá dá ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, jìbìtì ni. Kò sí ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí owó ń lọ. Kò sí ohun tó burú nínú kí olùgbé ìpínlẹ̀ wa ní ìpín nínú iléeṣẹ́ òkèèrè, àwọn ètò orí fóònù tó ń bá ènìyàn ṣe é wà, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà ti kìlọ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 pé ẹni tó bá ń ta ìpín òkèèrè fún àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ wà lórí ìkànnì àjọ náà, ọ̀fẹ́ ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sì ti fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn lé orí àwọn tó ń ṣe ètò ìdókòwò ẹ̀tàn. Oníṣòwò ìpín tó ní ìwé àṣẹ kì í ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ìlérí ìlọ́po mẹ́ta.

Bí ẹ bá ti san owó kí ẹ tó ka èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú yín dákẹ́. Ẹ tètè sọ fún báńkì yín kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ EFCC. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín rẹ́. Òun ni ẹ̀rí yín.

Àwa àti bàbá jọ ka ọ̀rọ̀ orí fóònù náà lẹ́ẹ̀kejì, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ iléeṣẹ́ tó fẹ́ rà kò sí níbẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà kò sí níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni ti ẹni tó ni àkáǹtì.